Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kà: Ìrírí Mi ní Ibùdó Ìwádìí Inú Aṣálẹ̀ Mojave

Bí ẹ bá fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí aṣálẹ̀, ẹ má tíì kọ ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ogún ènìyàn, ọjọ́ mẹ́ta, lítà 6 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́: lítà 360 nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 20 méjìdínlógún ni yóò gbà á, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì jẹ́ kìlógíráàmù 360 kí ẹ tó gbé oúnjẹ tàbí ènìyàn kankan sínú ọkọ̀. Iye kẹ́ẹ̀gì tí ọkọ̀ yín lè gbé ni yóò sọ ibi tí ẹ lè dé, iye ọjọ́ tí ẹ lè lò níbẹ̀ àti iye ènìyàn tí ẹ lè mú dání. Ẹ̀yìn èyí ni ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ó pẹ́ kí èyí tó yé mi, torí ẹni tó dàgbà síbi tí òjò ti ń rọ̀ kì í ka omi.

Zzyzx lorúkọ ibi tí mò ń sọ, ní ìpínlẹ̀ California. Ó wà ní etí ìwọ̀ oòrùn adágún gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní Soda Lake, nínú ọgbà ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Mojave National Preserve. Ẹ ó yà kúrò lórí òpópónà I-15 láàárín Barstow àti Baker, ẹ ó sì rin nǹkan bíi kìlómítà méje gba ẹsẹ̀ òkè. Ibùdó náà ń jẹ́ Desert Studies Center. Àwọn yunifásítì mélòó kan lára California State University ló pawọ́ pọ̀ ní i, ti Fullerton ló sì ń bójú tó o. Curtis Springer, oníwàásù orí rédíò, ló sọ ibẹ̀ ní Zzyzx ní 1944, ó ní òun fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tó máa gbẹ̀yìn pátápátá nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbàlejò síbẹ̀ fún àwọn tó ń wá ìwòsàn, títí ìjọba fi lé e kúrò ní 1974 torí pé kò ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yunifásítì gba àkóso ibẹ̀. Àwọn ilé Springer ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé dòní. Ṣùgbọ́n kí Springer tó mọ ibẹ̀ rárá ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń mu omi ìsun tó wà níbẹ̀ láti ayébáyé, ṣọ́jà ti pàgọ́ síbẹ̀ ní 1860, ọkọ̀ ojú irin sì ti gba ibẹ̀ kọjá. Omi kan ṣoṣo yìí ló pe gbogbo wọn jọ.

Òjò ọdún kan gbáko níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 80 sí 100 lọ. Ti Ìbàdàn ń kọjá 1,200. Ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ á ní òun mọ ọyẹ́, òun mọ bí ètè ṣe ń là. Ọyẹ́ kọ́ nìyẹn. Nílé, òógùn ló ń sọ fún wa pé ara ti gbóná. Ní Zzyzx, kí òógùn tó yọ sí ojú ara, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ, awọ ara á gbẹ, ẹni náà á sì máa sọ pé òun ò làágùn rárá, bẹ́ẹ̀ ó ti lè pàdánù lítà kan láàárín wákàtí kan tó fi ń gun òkè. Àmì tí à ń wò ni ìlà iyọ̀ funfun lára aṣọ, lẹ́yìn àti lábẹ́ apá, pẹ̀lú àwọ̀ ìtọ̀. Tí ìtọ̀ bá ti pọ́n bíi tíì, omi ti ń tán lára.

A kì í dúró de òùngbẹ. Ife omi kan ní ogún ìṣẹ́jú síra wọn ló dáa ju kí ènìyàn da lítà kan sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà. Iyọ̀ ṣe pàtàkì bí omi ti ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń mu omi lásán láti àárọ̀ dọ́sàn-án láìjẹ nǹkan kan, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, èébì á máa gbé e, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì tún máa fún un lómi sí i. Ìyẹn ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn ìyá wa ń pò fọ́mọ tó ń yàgbẹ́ ni ẹ pò: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, kí ṣíbí kún dọ́gba láìga. Tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìrànrán, tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má fún un ní nǹkan mu. Ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ da omi sí aṣọ rẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ fi omi tútù sí ọrùn, abíyá àti ìtan, kí ẹlòmíràn sì ti máa pe ìrànlọ́wọ́. Ibi tí fóònù ò ti gbé ni púpọ̀ nínú ọgbà náà, nítorí náà ẹgbẹ́ tó bá kúrò ní ibùdó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó ń lo sátẹ́láìtì dání, kí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ń lọ àti wákàtí tí wọ́n máa padà sílẹ̀ fún ẹni tó kù nílé. Òfin wa nípa omi kò ní àwíjàre: tí omi yín bá ti dé ìlàjì, ẹ yí padà, ì báà ku mítà igba kí ẹ débi tí ẹ ń lọ.

Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kẹrin la fi ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ní Oṣù Keje, ooru máa ń kọjá 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a ò sì rí ẹ̀kọ́ tó yẹ kí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọ̀sán nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀. Kódà ní oṣù tó tura, aago márùn-ún àárọ̀ la fi ń jí. Iṣẹ́ ìta á parí kí aago mẹ́wàá tó lù, ìwé kíkọ àti ìṣirò á wáyé lábẹ́ òrùlé, a ó sì tún jáde nígbà tí oòrùn bá ń rẹlẹ̀.

Iná mànàmáná ìlú kò dé Zzyzx. Pánẹ́ẹ̀lì sólà àti bátìrì ni wọ́n ń lò, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti gbé nílé oní-ínfátà ní Èkó kì í nílò àlàyé, ṣùgbọ́n ẹni tí iná ò lọ lójú ẹ̀ rí máa ń gbé ẹ̀rọ ìgbẹrun, tí wọ́n fi ń gbẹ irun orí, wá. Ṣe ni a máa ń ṣe ìṣirò náà lójú wọn: ẹ̀rọ ìgbẹrun oní-wáàtì 1,500, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wáàtì-wákàtí 250 ló gbé mì. Gílóòbù oní-wáàtì 10 márùndínlọ́gbọ̀n ni ìyẹn ìbá fi tàn fún wákàtí kan. Ooru náà ń jẹ nínú iná. Láti orí ìwọ̀n 25, pánẹ́ẹ̀lì máa ń pàdánù nǹkan bíi ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan tó bá gùn ún. Tí ojú rẹ̀ bá gbóná dé 65, ìdá 16 ti lọ, bí oòrùn ṣe ń ràn tó. Eruku tún ń bò ó. Ìdájí ni kí ẹ nù ún, nígbà tí ó ṣì tutù, torí omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná lè là á. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Omi ìsun ibẹ̀ ní iyọ̀ nínú, tó bá gbẹ fúnra rẹ̀ á fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀, àbàwọ́n náà á sì máa dí oòrùn lọ́wọ́ ju eruku tí ẹ nù lọ.

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ níbẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù kò ju tẹmómítà mẹ́rin lọ. Ẹ so ọ̀kan mọ́ igi ní mítà 1.5, lábẹ́ ìbòrí funfun tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ fi ọ̀kan sójú ilẹ̀ gan-an, ẹ ri ọ̀kan mọ́lẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ ri ìkẹrin ní 30. Ẹ kà wọ́n ní wákàtí méjì méjì láti òwúrọ̀ kùtùkùtù títí di alẹ́. Ojú ilẹ̀ lè fi ogún ìwọ̀n gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ lọ́sàn-án, kó sì tún tutù jù ú lọ lóru. Èyí tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Ibi tí ìdánwò yìí ti máa ń bàjẹ́ ni ìbòrí: tí oòrùn bá kan tẹmómítà ní tààrà, ooru ara rẹ̀ ni yóò máa sọ fún yín, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́. Ẹ má lo agolo dúdú. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwọn ìlà mẹ́rin yẹn sórí bébà, kò sẹ́ni tó ní láti sọ ìdí tí púpọ̀ nínú ẹranko ibẹ̀ fi ń gbẹ́ ihò fún un.

Ọ̀kan nínú wọn ni eku kan tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fò bíi kaǹgarú, orúkọ tí wọ́n sì fi ń pè é nìyẹn. Ó lè lo gbogbo ayé rẹ̀ láìmu omi. Hóró gbígbẹ tó ń jẹ, ara rẹ̀ ló ń ti inú rẹ̀ fa omi jáde. Àpótí páànù onílẹ̀kùn la fi ń mú un láàyè, márùndínlọ́gbọ̀n lórí ìlà kan, mítà mẹ́wàá síra wọn, ìwọ̀nba ọ́ọ̀tì gbígbẹ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, torí ìrù eku yìí gùn ju ara rẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn àpótí kúkúrú á sì gé e. Ẹ má gbé àpótí sí tòsí ilé èèrà. Eku tó há ò lè sá, èèrà á sì pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí òtútù bá mú, ẹ fi òwú pólísítà síbẹ̀ kó fi bo ara. Ìrọ̀lẹ́ la ń ṣí àpótí, à ń yẹ̀ ẹ́ wò kí òru tó dájì, a sì ń ti gbogbo rẹ̀ kí oòrùn tó yọ, torí páànù tí oòrùn bá kàn fún ìdajì wákàtí ti di ààrò. Ẹ ka àpótí nígbà tí ẹ bá ń gbé e kalẹ̀, ẹ tún kà á nígbà tí ẹ bá ń kó o. Àpótí kan tí wọ́n bá gbàgbé sílẹ̀, ikú eku kan ni. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú pọn dandan, torí eku a máa ní àìsàn tó lè pa ènìyàn.

Ẹja ló yà mí lẹ́nu jù. Nínú aṣálẹ̀ yẹn ni ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní Mohave tui chub, òun nìkan ṣoṣo ni ẹja tó jẹ́ onílẹ̀ nínú Odò Mojave. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n da ẹja mìíràn sínú odò náà, àjèjì yẹn sì gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Ìsun omi Zzyzx ló kù fún un. Ọ̀kan lára ibi tó fara pamọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní MC Spring, kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà fi í sára àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ pa run ní 1970. Òun náà ló wà nínú adágún Tuendae, èyí tí Springer gbẹ́ fún àwọn àlejò rẹ̀.

Ìgèrè oníwáyà la fi ń kà á, lábẹ́ ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú onímọ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé náà. Ẹ fi ìwọ̀nba búrẹ́dì sínú ìgèrè, ẹ ki ike òfìfo kan bọ̀ ọ́ kí apá kan rẹ̀ lè léfòó. Wákàtí méjì, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojúmọmọ sì ni. Ìdí ni pé koríko inú omi ń mú afẹ́fẹ́ wá lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n lóru òun náà ń fà á símú, afẹ́fẹ́ inú omi á wá dín kù. Ẹja tó bá wà níta á gòkè wá sójú omi. Èyí tó há sínú ìgèrè tó rì ò rí ọ̀nà. Ẹ rẹ ọwọ́ yín sómi kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí ọwọ́ gbígbẹ ń bó ohun yíyọ̀ tó bo ara rẹ̀ kúrò. Nígbà tó bá wà ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó rí i pé aláwọ̀ idẹ ni, ó nípọn, ẹnu rẹ̀ kéré. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé bíńtín nínú etí lẹbẹ́ rẹ̀, ẹ dá a padà.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ká ní ẹ sàmì sí 200, ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mú 150, 30 nínú wọn sì ní àmì. Ẹ fi 200 sọ 150 di púpọ̀, ẹ fi 30 pín in: ẹgbẹ̀rún kan ẹja ló ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja tó ti jẹ búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan lè fẹ́ràn ìgèrè. Tí àwọn alámì bá tìtorí bẹ́ẹ̀ di 60, ìṣirò yín á sọ pé 500 ni, ẹ ó sì máa kéde àjálù tí kò ṣẹlẹ̀. Tí ẹ̀rù bá bà wọ́n, tí wọ́n sá fún ìgèrè, tí 15 péré padà wá, ẹ ó gbà pé 2,000 ni, ẹ ó sì sùn nígbà tó yẹ kí ẹ jí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yí ibi tí ìgèrè wà padà, tí a sì ń kà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí a tó gba nọ́ńbà kan gbọ́.

Àwọ̀n, bàtà omi àti ìgèrè tó bá ti wọ omi mìíràn kò gbọ́dọ̀ wọ Tuendae láìjẹ́ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì sá a sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Aràn inú ẹja àti ẹja àjèjì ti dé adágún náà rí, kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi rìn wá.

Ìwé àṣẹ kì í yá. Ti ọgbà náà lọ́tọ̀, ti ìtọ́jú ẹranko láti yunifásítì lọ́tọ̀, ti ẹ̀dá tó fẹ́ pa run lọ́tọ̀. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́fà. Kódà òkúta kan lásán, ẹ má mú un lọ sílé láìgba àṣẹ.

Àgùntàn oníwo ńlá ti orí òkè máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi ní Zzyzx. Ní 2013, àrùn ẹ̀dọ̀fóró pa púpọ̀ lára wọn ní agbègbè Old Dad Peak, kò jìnnà síbẹ̀. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ibi ìmumi ti di ohun tí à ń fọwọ́ líle mú: tí àgùntàn bá ń bọ̀, gbogbo ènìyàn á jókòó, ẹ̀kọ́ á dúró, títí wọ́n á fi mu tán. Ẹni tó bá lé wọn sẹ́yìn nítorí fọ́tò ti mú kí wọ́n pàdánù ìrìn wákàtí púpọ̀.

Ìdọ̀tí oúnjẹ ń kó bá ìjàpá. Ẹyẹ ìwò ti pọ̀ sí i gan-an nínú aṣálẹ̀ yẹn nítorí àkìtàn àti omi tí ènìyàn ń dà nù, ọmọ ìjàpá tí èèpo rẹ̀ kò tíì le sì jẹ́ oúnjẹ fún un. Garawa ìdọ̀tí tí kò ní ìdérí, búrẹ́dì tó já bọ́, omi àwo tí wọ́n dà sẹ́yìn ilé, gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ ìwò.

Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ẹ má wakọ̀ sórí Soda Lake. Ojú rẹ̀ funfun, ó le bí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n èépá iyọ̀ ni, ẹrẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ á rì dé irin ẹsẹ̀ rẹ̀, ipa táyà náà á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ojú ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà láti 35 sí nǹkan bíi 20 lórí òṣùwọ̀n PSI tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ sì mú ẹ̀rọ tí ẹ ó fi tún fẹ́ ẹ padà dání, torí táyà tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀dà máa ń gbóná, á sì bẹ́. Ẹ má pàgọ́ sínú ipa odò gbígbẹ. Oòrùn lè máa ràn lórí yín, kí òjò ti rọ̀ sórí òkè tí ẹ ò rí, kí àgbàrá rẹ̀ sì dé bá yín lójú oorun.

Òòyà onírin àti pílásì wà nínú àpótí oògùn wa nítorí ẹ̀gún cholla, irú ọrọ́ kan tí ẹ̀ka rẹ̀ máa ń já lé ara. Ẹ má fọwọ́ fà á, ọwọ́ náà á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ki òòyà sábẹ́ rẹ̀, ẹ ta á nù kúrò lára yín, ẹ wá fi pílásì yọ ẹ̀gún tó kù. Ti àkeekèé, ẹ ra tọ́ọ̀ṣì tó ń tan iná ultraviolet, èyí tó rí bí àlùkò lójú. Lálẹ́ tí òṣùpá ò sí, àkeekèé á máa tàn yòò bí ewé tútù, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń bẹ̀rù á sì di ẹni tí kò fẹ́ wọlé sùn mọ́. Kí wọ́n ṣáà gbọn bàtà wọn láàárọ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sílé, kí awakọ̀ tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ kó wo abẹ́ rẹ̀. Ibòòji ọkọ̀ ni ìjàpá aṣálẹ̀ máa ń wá. Ó lè tó ọdún kan láìmu omi, torí ó ń tọ́jú omi sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀, èyí tó lè tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Tí ẹnì kan bá gbé e, ẹ̀rù á bà á, á tọ̀, gbogbo omi yẹn á sì ṣòfò sílẹ̀. Ó lè kú bẹ́ẹ̀ kí òjò mìíràn tó dé. Òfin ìjọba àpapọ̀ sì ti dáàbò bò ó láti 1990. Nítorí náà, tí ẹ bá bá a lábẹ́ ọkọ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ wá ibòòji mìíràn jókòó sí, ẹ pín omi tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì mu, kí ẹ sì dúró títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi jáde.